Ampli wọn yàrá wa tán, ohùn wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ra ampli tòkùnbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn fún sípíkà, pẹ̀lú sípíkà márùn-ún àti wúfà kan, ìyẹn sípíkà báàsì. Máìkì tí wọ́n fi ń wọn yàrá, kí ampli lè tún ohùn ṣe bá a mu, wà nínú páálí rẹ̀. Salóònù wa ní Àjàṣẹ́ níbí jẹ́ mítà 4 ní ìbú, mítà 4.5 ní òró, táìsì nílẹ̀, ògiri sìmẹ́ńtì gbogbo rẹ̀, fèrèsé onígíláàsì méjì, páànù lórí àjà. Mo gbé máìkì lé orí àga, mo tẹ bọ́tìnì, ó pariwo lọ láti sípíkà kan sí èkejì, ó sì ní òun ti parí.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré kò yé wa mọ́, wúfà sì ń kù rìrì bí ọkọ̀ lásán bá kọjá nínú fíìmù. Mo wá ṣí ohun tó kọ sílẹ̀ wò. Ó ní sípíkà ẹ̀yìn ọ̀tún wà ní mítà 7.2 sí mi! Ó ní wúfà wà ní mítà 4.9, bẹ́ẹ̀ mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mítà 2.6 ni. Ó tún ní "Phase" sípíkà iwájú òsì kò dáa. Ṣé ampli ló bàjẹ́ ni, àbí máìkì?

Onírédíò Kétu

Àbúrò, o kú ìnáwó. Kò jọ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ohun tí máìkì bá gbọ́ ni ampli ń kọ, ìyẹn ni kí a wò.

Ariwo tí o gbọ́ yẹn, àkókò ni ampli fi ń kà. Ó mọ ìgbà tí òun rán ohùn jáde, ó sì mọ ìgbà tí máìkì gbọ́ ọ. Ohùn ń rìn bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ooru bá wà ní 20°C, nítorí náà mítà kan ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ibẹ̀ ló ti ń rí mítà tó ń kọ. Sípíkà tó bá sún mọ́ ọ, á dá ohùn tirẹ̀ dúró díẹ̀ kí ti èyí tó jìnnà lè bá a dé etí rẹ pọ̀. Ó tún ń wo èyí tó ń pariwo ju èkejì lọ, á mú wọn dọ́gba. Ó ń wo ibi tí báàsì sípíkà kọ̀ọ̀kan ti ń kú kó lè gbé ìyókù fún wúfà. Ẹ̀yìn èyí ló wá ń dín ohun tí yàrá sọ di púpọ̀ kù, tó sì ń bù kún ohun tí yàrá gbé mì, níwọ̀n tó bá lè ṣe é.

Bí ampli rẹ bá jẹ́ Denon tàbí Marantz, Audyssey ni orúkọ ètò tó ń wọn yàrá tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ti Yamaha ni YPAO, ti Pioneer ni MCACC, ti Onkyo ni AccuEQ, tuntun inú wọn sì ń lo Dirac Live tó wá láti Sweden. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbẹ́kẹ̀ lé máìkì kékeré yẹn.

Wàyí o, mítà 7.2. Láti kọ́nà dé kọ́nà nínú yàrá rẹ, mítà mẹ́fà ni. Ohùn tó wá tààrà kò lè rìn tó 7.2. Ó ní láti jẹ́ èyí tó lu ògiri tó padà wá ni máìkì gbọ́ kedere, nítorí pé ẹ̀yìn àga bo èyí tó ń bọ̀ tààrà láti ẹ̀yìn. Má gbé máìkì lé àga mọ́. Wá igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ayàwòrán ń lò, èyí tó kéré pàápàá á ṣe é, kí orí máìkì wà níbi tí etí rẹ máa ń wà bí o bá jókòó, kó sì dojú kọ àjà. Bí ẹ̀yìn àga bá ga tó sì jẹ́ aláwọ, da aṣọ híhun tó nípọn bò ó nígbà tí o bá ń wọ̀n.

Ti wúfà, má fọwọ́ kàn án. Mítà 4.9 yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Nínú wúfà fúnra rẹ̀ ni àwọn ohun tó ń sẹ́ ohùn wà, wọ́n sì ń dá a dúró díẹ̀ kó tó jáde. Ampli ka ìdádúró náà mọ́ ìrìn. Bí o bá tún un kọ sí 2.6 nítorí téèpù, wúfà á máa dé pẹ́.

Ti "Phase", ampli rò pé wáyà gbé ara wọn kọjá, lọ wo ti ẹ̀yìn sípíkà òsì àti ti ẹ̀yìn ampli. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí wọ́n bá tọ̀nà níhà méjèèjì, sọ fún un kó máa lọ. Àwọn sípíkà kan wà tí wọ́n ṣe lọ́nà tó ń tan ampli jẹ.

Ìyá Wàndó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo ti wọn ti ilé mi, etí ọjà Wàndó ni mo sì ń gbé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Fáànù, ẹ pa á. Fíríìjì tó wà ní yàrá kejì, ẹ yọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, zémidjan tó ń kọjá, ìpè àdúrà, ọmọ tó ń wọ bàtà lórí táìsì, gbogbo rẹ̀ ni máìkì ń gbọ́. Òjò orí páànù kò tilẹ̀ ṣeé bá wíjọ́, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn.

Òru ló dára jù, àmọ́ ariwo tí ampli ń pa kò kéré, ẹni tó bá sì ń gbé inú àgbàlá pẹ̀lú àwọn èèyàn, kó kí wọn ṣáájú. Ti èmi, bàbá onílé ti jáde sínú àgbàlá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ìwọ náà, má jókòó síbẹ̀ máa wò ó. Jáde kúrò nínú yàrá tàbí kí o fara ti ògiri lẹ́yìn, torí ara èèyàn ń gbé ohùn mì. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó dúró láàárín máìkì àti sípíkà.

Olóhùn Ṣábẹ

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Onírédíò kọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n dúró lórí wúfà tó ń kù rìrì yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ní kí ampli ṣe ohun tí kò lè ṣe.

Yàrá onísìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí báàsì jáde. Ó ń lu ògiri kan, ó ń padà lu èkejì, ibi tí ìrìn rẹ̀ bá sì ti bá òró yàrá mu, á máa kún ara rẹ̀ lórí. Ìṣirò rẹ̀ kò le: pín 343 sí ìlọ́po méjì òró yàrá. Mítà 4.5 tìrẹ máa fún ọ ní 38 Hz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 38 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mítà 4 máa fún ọ ní 43 Hz. Wọ́n sún mọ́ra jù, ara wọn ni wọ́n gùn. Bí òró àti ìbú bá dọ́gba pátápátá, ó tún burú ju èyí lọ. Ohùn ọkọ̀ àti ti ààrá nínú fíìmù, agbègbè yẹn gan-an ni wọ́n ti ń jáde.

Ibi tí o jókòó náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Bí àga rẹ bá lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn, báàsì yẹn máa kó jọ sí ọ lórí. Bí o bá jókòó sí àárín gbùngbùn yàrá, ọ̀kan náà yẹn máa sá fún ọ, o ò ní gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́ ọ. Gbìyànjú kí o fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta òró yàrá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ.

Ibi tí báàsì ti pọ̀ jù, ampli lè gé e, ó sì máa ń ṣe é dáadáa. Ibi tí báàsì ti sá lọ, kò sí ampli tó lè dá a padà. Bó bá fi agbára kún un, ohùn tó lọ àti èyí tó ń bọ̀ á tún pa ara wọn, wúfà nìkan ni yóò gbóná. Nítorí náà, kí o tó tún gbé máìkì jáde, wá ibi tí wúfà yóò dúró.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Gbé wúfà lé orí àga tí o máa ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ni, lórí àga. Fi orin kan sí i tí báàsì rẹ̀ ń rìn sókè sódò, tí kì í dúró lójú kan. Wá fi ọwọ́ àti eékún rákò kiri ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí orí rẹ wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí wúfà máa ń wà. Àwọn ọmọ máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Níbì kan o máa gbọ́ pé ó ń kù, níbòmíràn kò ní sí báàsì rárá, níbì kan ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa jáde ketekete, tí ọ̀kan kò borí èkejì. Ibẹ̀ ni kí o gbé wúfà sí. Kọ́nà yàrá ló sábà máa ń fún èèyàn ní báàsì tó pọ̀ jù, òun náà ló sì ń kù jù.

Rọ́ọ̀gì tó nípọn níwájú àga àti kọ́tìnì lójú gíláàsì yóò ran ohùn òkè àti ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́. Wọn kò lè ṣe báàsì ní nǹkan kan o, kí ẹnikẹ́ni má tan yín.

Onírédíò Kétu

O ṣeun, Olóhùn. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: kí o tó wọ̀n, yí ìwọ̀n ohùn tó wà lẹ́yìn wúfà sí nǹkan bí ìdajì, yí "Crossover" tirẹ̀, ibi tó ti ń gé báàsì, dé òkè pátápátá tàbí sí ibi tí wọ́n kọ LFE sí, kí "Phase" wà ní 0. Ampli ni yóò pinnu ibi tí wọn yóò ti pín iṣẹ́. Bí wúfà náà bá ń pín tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà di ẹ̀ẹ̀mejì.

Aráa Kútọnu

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a gbé máìkì sí fún ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta? Ìwé ampli tèmi ní kí n wọ̀n ọ́n níbi mẹ́jọ. Ṣé orí àga mẹ́jọ ni?

Onírédíò Kétu

Rárá. Ìkíní ni kó wà gangan níbi tí orí rẹ máa ń wà, torí ibẹ̀ ni ampli ti ń ṣírò ìjìnnà àti bí ohùn ṣe le tó. Àwọn yòókù, má jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí i ju 50 tàbí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ: ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, iwájú díẹ̀, sókè díẹ̀. Má gbé e mọ́ ògiri.

Ìyá Wàndó

Onírédíò, mi ò gbà o. Ẹ̀yin lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń wo fíìmù. Nílé tèmi, àwọn ọmọ, àna, àwọn alejò ọjọ́ Àìkú, wọ́n kún àga mẹ́ta. Mo gbé máìkì dé àga kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ráhùn.

Olóhùn Ṣábẹ

Ìyá, ẹ kò jẹ̀bi. Àwọn tó ṣe Audyssey pàápàá, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2002 lẹ́yìn ìwádìí ní Yunifásítì Gúúsù Kalifọ́níà, torí àga tó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ṣe fi wíwọ̀n níbi púpọ̀ sí i. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí àga kan bá wà mọ́ ògiri tí òmíràn sì wà láàárín yàrá, ohun tí ọ̀kan nílò yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Ampli á wá wá àárín tí kò tẹ́ ẹnì kankan lọ́rùn. Èmi náà ń ṣe é bíi Onírédíò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àga gígùn kan tí èèyàn mẹ́ta ń jókòó sí, kó gbé máìkì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun rẹ̀.

Ìyá Wàndó

Àárín yẹn tẹ́ wa lọ́rùn nílé wa o.

Aráa Kútọnu

Ẹ dákun, ẹni tí kò bá rí máìkì ńkọ́? Tòkùnbọ̀ ni mo rà, kò bá a wá. Wọ́n ní kí n fi ti kàríókè sí i.

Onírédíò Kétu

Má fi ti kàríókè sí i! Ampli mọ bí máìkì tirẹ̀ ṣe ń gbọ́ràn, ó sì ń yọ àléébù rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Bí o bá fi òmíràn sí i, á máa tún àléébù tí kò sí ṣe. Ti ilé-iṣẹ́ kan kò tilẹ̀ bá ti èkejì mu. Wo nọ́mbà ampli rẹ, kí o wá máìkì tirẹ̀ rà.

Títí o fi máa rí i, fi ọwọ́ ṣe é. Fi téèpù wọ̀n láti ibi etí rẹ dé iwájú sípíkà kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ sínú ampli. Ohùn ìdánwò wà nínú ampli tó máa ń jáde láti sípíkà kan sí òmíràn. Fi áàpù tó ń wọn ariwo sórí fóònù, gbé fóònù sí ibi etí rẹ, kí gbogbo wọn wá sí 75 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó). Ó ṣeé ṣe kí fóònù má sọ òótọ́ nípa 75 náà, ṣùgbọ́n irọ́ kan náà ló máa pa fún sípíkà márààrún, kí wọ́n dọ́gba ni a sì ń wá. Wúfà nìkan ni kí o má gba fóònù gbọ́ lórí rẹ̀, báàsì kì í tó o gbọ́. Etí rẹ ni kí o fi ṣe ìyẹn.

Bí o bá ní kọ̀ǹpútà, máìkì UMIK-1 ti miniDSP àti áàpù REW, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa fi gbogbo ohun tí yàrá ń ṣe hàn ọ́. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tísà Pọ́bẹ̀

Àwa tó jẹ́ pé igi sípíkà gbọọrọ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo la ní ńkọ́?

Olóhùn Ṣábẹ

Ó wà fún ẹ̀yin náà, ó sinmi lórí èyí tí ẹ rà. Bose ní èyí tí wọ́n ń dé mórí bí adé, máìkì wà lára rẹ̀, ẹ máa jókòó níbi márùn-ún. Sonos ní Trueplay, fóònù iPhone ni ẹ máa gbé káàkiri yàrá, ẹ máa gbé e sókè sódò jẹ́jẹ́. Samsung ní àwọn kan tó ń gbọ́ yàrá fúnra wọn.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìyá, ẹ kú àdúrótì. Wúfà ti kúrò ní kọ́nà, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n báyìí. Mo sún àga kúrò lára ògiri, mo yá igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ayàwòrán kan. Sípíkà ẹ̀yìn ọ̀tún ti di mítà 2.1, "Phase" kò sọ nǹkan kan mọ́. Kíkù yẹn ti dín gan-an. Ohun mẹ́ta ló kù tí kò yé mi: ó kọ wúfà sí −12 dB, ó pe sípíkà iwájú méjèèjì ní "Large", ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sì tún lọ sílẹ̀ díẹ̀, pàápàá nínú fíìmù Yorùbá tí a ń wò lórí YouTube.

Olóhùn Ṣábẹ

−12 ni òpin ibi tí ampli lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé. Ó ṣeé ṣe kó fẹ́ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ kó má lè lọ. Yí ìwọ̀n ohùn tó wà lẹ́yìn wúfà sílẹ̀, tún un wọ̀n, kó bọ́ sí àárín −8 sí −3.

"Large" kò ní í ṣe pẹ̀lú títóbi sípíkà. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò ní gba báàsì kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Yí i sí "Small", fi "Crossover" sí 80 Hz. Èyí tí ampli bá kọ 100 tàbí 120 sí fúnra rẹ̀, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O lè gbé e sókè, má sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí nísàlẹ̀ ibi tí ó rí i pé sípíkà ti kú, kò ní tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀ mọ́.

Onírédíò Kétu

Ti ọ̀rọ̀ ẹnu: ọ̀pọ̀ fíìmù wa lórí YouTube, sípíkà méjì péré ni ohùn wọn wà fún, òsì àti ọ̀tún. Bí o bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, sípíkà àárín kò ní sọ ohunkóhun. Yí ampli sí "Dolby Surround", á kó ọ̀rọ̀ ẹnu lọ sí àárín. Lẹ́yìn náà, gbé sípíkà àárín sókè ní 2 dB, kò sófin tó ní kí o fi ohun tí ampli kọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí sípíkà àárín má sì wà nínú ihò kọ́bọ́ọ̀dù. Fà á síwájú dé etí pákó, gbé ojú rẹ̀ sókè díẹ̀ sí etí ẹni tó jókòó.

Bó bá jẹ́ Audyssey, ó máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ ní agbègbè 2 kHz, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń já gaara. Áàpù tí wọ́n ń tà fún àwọn ampli kan lè pa ìyẹn, ó tún lè sọ fún un kó má tún ohunkóhun ṣe ju 300 tàbí 500 Hz lọ. Èmi fẹ́ràn ìyẹn. Báàsì ni yàrá ń bàjẹ́ jù, ohùn òkè sípíkà tó dáa kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó máa tún un ṣe. "Dynamic EQ" tirẹ̀, tó ń gbé báàsì sókè bí ohùn bá kéré, ńkọ́? Bí o bá ń wo fíìmù lóhùn kékeré lálẹ́, jẹ́ kó wà. Bí o bá ń gbọ́ orin tó sì wúwo jù, fi "Reference Level Offset", tó ń dín in kù, sí 10 tàbí 15, tàbí kí o pa á.

Fi ohun tí etí rẹ mọ̀ lójúkojú dán gbogbo rẹ̀ wò. Àwa ní Kétu, ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Bí ìyá ìlù bá dún tí awọ àti igi rẹ̀ hàn, tí omele sì dá dúró lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ti dé ibẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá di "gbùù" kan ṣoṣo, padà sórí eékún rẹ.

Aráa Kútọnu

Ampli tí àbúrò mi fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ níbí? Àti pé bí ọyẹ́ bá dé, tí òtútù mú lówùúrọ̀, ṣé kí a tún un wọ̀n?

Onírédíò Kétu

Wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá kọ 120 V nìkan, kò gbọ́dọ̀ rí iná 220 V tiwa láìsí transfọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀, kí transfọ́mà náà sì lágbára ju ohun tí ampli ń jẹ lọ dáadáa. Bí iná bá lọ láàárín wíwọ̀n, bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìkíní.

Olóhùn Ṣábẹ

Ti ọyẹ́, rárá. Bí ooru bá yí padà ní 10°C, ìrìn ohùn á yí padà ní nǹkan bíi mítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí mítà 3, sẹ̀ǹtímítà 5 nìyẹn. Orí rẹ ń yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí o bá na ọwọ́ mú ẹ̀pà. Ohun tó lè mú ọ tún un wọ̀n ni bí o bá gbé àga tàbí sípíkà kúrò, bí rọ́ọ̀gì ńlá bá wọlé, tàbí bí o bá pààrọ̀ wúfà. Kí o tó tẹ bọ́tìnì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ojú-ìwé tí ampli ti kọ nọ́ḿbà sí, torí tuntun máa pa ti àtijọ́ rẹ́.